Ọgbà Àjàrà Tí Wọn Kò Pín

Ìgò kan wà lórí pẹpẹ ìwé mi tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Eruku ti bo èjìká rẹ̀, bébà ara rẹ̀ ti ya létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó ṣì lè ka ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀: 1964. Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń bi mí ìdí tí n kò fi jẹ́ kí wọ́n kó o dànù. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé ọwọ́ mi wà nínú ọtí tó wà nínú ìgò yẹn rí. Wọ́n á ní bàbá àgbà tún ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì bá eré wọn lọ. Lónìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé òpin.

Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ní ọdún 1943. Ní 1963, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Dahomey, orílẹ̀-èdè wa, gba òmìnira, mo lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Bordeaux. Kútọnú, níbi tí mo ti wọ ọkọ̀ òkun, kò tíì ní èbúté tó jinlẹ̀ nígbà náà. Afárá onírin gígùn kan ló wọ inú òkun lọ, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi apẹ̀rẹ̀ ńlá sọ èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé wọn lọ bá ọkọ̀ ńlá. Ìyá mi dúró sí etí òkun, ó ń kì mí títí tí n kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Kí n tó dé ọ̀rọ̀ ọtí, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa Bordeaux, nítorí ẹni tó bá yin wáìnì ìlú náà láìsọ èyí kò tíì sọ òótọ́ tán. Létí odò Garonne, ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní Place de la Bourse, wọ́n gbẹ́ ojú ènìyàn sára òkúta lókè àwọn fèrèsé. Mo ń kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ kan nínú òtútù, mo gbójú sókè, mo rí ojú obìnrin adúláwọ̀ láàárín wọn. Mo dúró. Ojú àwọn ènìyàn mi ni. Láti èbúté Bordeaux yìí ni ọkọ̀ ti ń ṣí lọ sí etíkun wa láti ra ènìyàn, tí wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Saint-Domingue ní òdìkejì òkun, kí wọ́n tó kó ṣúgà àti kọfí bọ̀ wá sílé. Owó ṣúgà àti owó wáìnì ti pò mọ́ra nínú àwọn ilé aláràbarà wọ̀nyẹn. Lásìkò tiwa, n kò gbọ́ kí olùkọ́ kan dárúkọ rẹ̀ rí. Ó di ọdún 2009 kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà, Musée d'Aquitaine, tó ṣí àwọn yàrá tó sọ ìtàn yẹn síta. Mo ti sọ ọ́. Mo lè máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Owó tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pẹ́ kó tó dé. Oṣù Kọkànlá ni ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé, nítorí náà òfìfo ni oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá máa ń jẹ́ fún wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wá láti Lomé ló sọ fún mi pé àwọn alájàrà ń wá ọwọ́ tí yóò bá wọn kórè, wọ́n ń bọ́ni, wọ́n ń gbani sùn, wọ́n sì ń sanwó. Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Libourne nìyẹn, tí mo sì ti ibẹ̀ dé Saint-Émilion ní oṣù Kẹsàn-án 1964.

Orí òkè òkúta ẹfun ni ìlú náà wà. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé ibẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ìlú náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ, tó fi jẹ́ pé ihò ló kún ìsàlẹ̀ ilé wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ń pe ilé tí mo lọ ní château. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tàn yín. Ààfin ló túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ní agbègbè Bordeaux, ilé àgbẹ̀ kékeré náà ń jẹ́ château bí ó bá ti ń fi orúkọ ara rẹ̀ ta ọtí. Ilé pẹlẹbẹ ni tiwọn, adìẹ ń jẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọgbà àjàrà hẹ́kítà 7 sì yí i ká. Bàbá àgbà kan ló ni ín, òun àti ìyàwó rẹ̀. Àkọ́bí wọn àti ìyàwó tirẹ̀ ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin kan wà nílé ọkọ nítòsí. Àbíkẹ́yìn ń ṣiṣẹ́ ní Paris. N kò ní dárúkọ wọn, wọn kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ariwo.

Bàbá wo bàtà mi, ó mi orí, ó lọ mú bàtà rọ́bà ọmọ rẹ̀ wá fún mi. Ó fún mi ní àlùmọ́gàjí kékeré kan àti garawa. Kò lè pe orúkọ mi dáadáa, ó wá sọ mí ní Akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ tí mo sì jẹ́ nínú ilé yẹn títí dòní nìyẹn. Àwọn ará Sípéènì ló pọ̀ jù nínú wa, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ, tí wọ́n máa ń padà wá lọ́dọọdún. Igi àjàrà ibẹ̀ kúrú. Èso rẹ̀ kò ju orúnkún lọ: bí o bá nàró, o kò rí i, bí o bá kúnlẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ á fi ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn mi kò fẹ́ nà mọ́, èso ti sọ ìka mi di aláró.

Nígbà tí a sinmi, Bàbá já èso kan fún mi. Merlot ni wọ́n ń pè é, òun ló pọ̀ jù ní agbègbè yẹn. Èkejì rẹ̀ ni Cabernet Franc, tí àwọn ará Saint-Émilion ń pè ní Bouchet. Merlot náà dúdú bí aró. Bàbá ní kí n fún un. Mo fún un sí àtẹ́lẹwọ́ mi, omi tó jáde mọ́ gaara bí omi àgbọn. Mo wo ọtí pupa tó wà nínú ife rẹ̀, mo wo ọwọ́ mi. Mo ní, “Bàbá, níbo ni pupa rẹ̀ wà?” Ó ní, “Inú awọ ni. A ó jẹ́ kí omi àti awọ jọ sùn pọ̀.” Ohun tó mú wáìnì pupa yàtọ̀ sí funfun kò ju ìyẹn lọ: wọn kì í yára ya omi kúrò lára awọ. Awọ náà ló ń fún ọtí ní ohun tí ń fa ẹnu pọ̀ bí obì, ohun yẹn ló sì ń jẹ́ kó lè pẹ́ láyé.

Orí tábìlì gígùn kan nínú ilé ìkẹ́rù ni gbogbo wa ti ń jẹun ọ̀sán. Bí ọbẹ̀ bá ku díẹ̀ nínú àwo Bàbá, á da wáìnì pupa sí i, á yí àwo náà po, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sẹ́nu, á mu ún tán. Chabrot ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ń wá, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo sì ti gbọ́ ìtàn òtútù 1956.

Oṣù Kínní ọdún yẹn gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, omi ara igi ti ń gòkè. Nígbà tó di oṣù Kejì, òtútù já lu ilẹ̀ lójijì, ó kọjá ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìyá, ìyàwó Bàbá, sọ fún mi pé lóru àwọn ń gbọ́ tí igi ń sán níta. Nígbà tí ìrúwé dé, wọ́n ń dúró kí ewé yọ. Kò yọ. Àjàrà tí bàbá Bàbá gbìn ti kú, bẹ́ẹ̀ náà ló rí jákèjádò Saint-Émilion àti Pomerol. Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun àti ọmọ rẹ̀ fi ọkọ́ hú gbòǹgbò wọn kúrò nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó wọn jọ, wọ́n sun wọ́n, wọ́n sì gbin tuntun ní 1957. Àjàrà tuntun á gbà tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó so èso tó ṣe é fi ṣe ọtí, ó sì tún di ogún ọdún kí ọtí rẹ̀ tó gbọ́n. Mo bi Bàbá pé kí ló mú un gbin ohun tó mọ̀ pé òun lè má mu. Ó wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́ Faransé. Ó ní, “Ta ló gbin èyí tó kú?”

Ìyẹn gan-an kì í ṣe ikú àkọ́kọ́. Láàárín ọdún 1860 sí 1900, kòkòrò kékeré kan tó ti Amẹ́ríkà wá jẹ gbòǹgbò àjàrà ilẹ̀ Faransé run. Gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà nìkan ni kòkòrò náà kò lè pa, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ẹ̀ka àjàrà tiwọn sórí gbòǹgbò àlejò. Títí di òní, gbòǹgbò Amẹ́ríkà ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú àjàrà Faransé dúró. Bàbá fi ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ hàn mí, ó wú díẹ̀ bí oríkèé ìka àgbàlagbà.

Ìtàn kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù. Lára ewé àjàrà, mo rí oògùn aláwọ̀ búlúù tó ti gbẹ. Bàbá ní orúkọ Bordeaux ló ń jẹ́. Ní Médoc, lódì kejì odò, nǹkan bí ọdún 1880 lé díẹ̀, àwọn alájàrà máa ń po ìyọ̀ bàbà mọ́ ẹfun, wọ́n á fọ́n ọn sára igi tó wà létí ọ̀nà, kí àwọn tó ń kọjá má bàa já èso wọn jẹ. Ààlè ni! Mo fi èdè wa pè é sókè, gbogbo tábìlì wò mí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa náà ṣe ń fi àmì sára ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìtí igi, tí olè á rí i tí ẹ̀rù á bà á. Nígbà tí àrùn ewé jà ní Médoc ní 1882, igi tí wọ́n pa ààlè fún létí ọ̀nà ni ewé rẹ̀ kò re. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alexis Millardet ti yunifásítì Bordeaux rí i, ó wádìí rẹ̀, ó sì kéde oògùn náà ní 1885. Oògùn yìí kan náà ni wọ́n gbé dé ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fọ́n ọn nígbà tí kòkó wọn bá ń dúdú tó ń rà lórí igi. Ẹni tó fẹ́ dáàbò bo èso rẹ̀ lọ́wọ́ olè kò mọ̀ pé òun ń ṣe oògùn fún àgbẹ̀ Oǹdó.

A kó èso náà tán kí òjò tó dé. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹwàá ni ojú ọ̀run ṣí, tí òjò sì bá ọ̀pọ̀ àwọn ará Médoc tí wọ́n ń dúró de Cabernet Sauvignon tiwọn, èyí tí kì í tètè pọ́n. Tiwa ti wà nínú àgbá sìmẹ́ńtì, ó ti ń hó. Òórùn yẹn kò ṣàjèjì sí mi rárá. Bàbá mi ní oko ọ̀pẹ lẹ́yìn Àjàṣẹ́, adẹ́mu máa ń gun igbà lọ sókè kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi ni mo máa ń gbé akèrègbè dè é nísàlẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ìwúkàrà ń ṣe nínú méjèèjì, ó ń jẹ adùn, ó ń sọ ọ́ di ọtí. Ṣùgbọ́n ẹmu àárọ̀ á dùn, tọ̀sán á le, tó bá di ọjọ́ kejì ó ti kan. Ẹmu ń sáré, wáìnì ń rìn.

Awọ àjàrà á léfòó, á dì sókè bí ìdérí. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ọmọ Bàbá ń fa omi láti ìsàlẹ̀ tó ń dà á lé e lórí, kí pupa lè wọnú omi. Nígbà tí wọ́n da ọtí náà jáde tán, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ inú àgbá lọ kó awọ tó kù. Mo ti ń gbé ẹsẹ̀ mi sókè nígbà tí Bàbá fi ọwọ́ gbá mi láyà sẹ́yìn. Ó so àbẹ́là tó ń jó mọ́ okùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sínú àgbá. Iná náà kú kó tó dé ìdajì. Afẹ́fẹ́ tí ọtí tú jáde nígbà tó ń hó ṣì wà nísàlẹ̀, kò ní òórùn, a kì í fojú rí i, ó sì ń pa ènìyàn. A dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo ṣì ń rí iná àbẹ́là yẹn lójú oorun mi.

Wọ́n kọ́ mi ní ọ̀nà ilé wọn, n kò gbàgbé rẹ̀ mọ́. Gbogbo ìsinmi Kérésìmesì àti Ọdún Àjíǹde ni mo ń lọ. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn àgbá igi óákù wà, àgbá kọ̀ọ̀kan gba lítà 225, nǹkan bí ìgò 300. Ọtí máa ń gbẹ gba ara igi lọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa kún un. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n á da ọtí láti inú àgbá kan sí òmíràn tí wọ́n ti sun imí-ọjọ́ nínú rẹ̀. Bàbá á tẹ̀ ba, á gbé àbẹ́là sẹ́yìn ibi tí ọtí ti ń ṣàn, ojú rẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Bó bá ti rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àkọ́kọ́ tó fẹ́ bọ́ sí i, á gbé ọwọ́ sókè, ọmọ rẹ̀ á sì dí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ìgbà òtútù kejì, wọ́n á lu funfun ẹyin márùn-ún sí mẹ́fà sínú àgbá kọ̀ọ̀kan, kó lè kó ohun tó kù nínú ọtí lọ sísàlẹ̀. Pupa ẹyin di ti Ìyá, á fi í ṣe àkàrà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní canelé, tó ní ọtí rọ́ọ̀mù àti fàníllà nínú. Ó dùn. Mo jẹ ẹ́, mo sì rántí ojú obìnrin inú òkúta yẹn, nítorí mo mọ èbúté tí rọ́ọ̀mù àti ṣúgà kọ́kọ́ gbà wọlé.

Ọdún 1965 burú. Òjò kò jẹ́ ká rímú mí, èso ń jẹrà lórí igi, àwọn ìdì tí a gé ní irun funfun bí búrẹ́dì tó ti bu. A ṣe é tán, Bàbá tọ́ ọ wò, ó tu ú sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló tà fún oníṣòwò láìfi sínú ìgò, owó rẹ̀ kò tó san ti àwọn òṣìṣẹ́. Àkọ́bí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n fi díẹ̀ sínú ìgò, pé gbogbo aládùúgbò ló ń ṣe é. Bàbá ní, “Kò ní jẹ́ orúkọ wa.” Ọdún kan gbáko ni ilé yẹn fi jẹ gbèsè nítorí gbólóhùn yẹn. Mo gbà pé ó tọ̀nà, ìgbà yẹn àti báyìí.

Òfin tí mò ń kọ́ ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ tó kàn. Òfin ìdílé Faransé, láti ìgbà Napoléon ní 1804, ní kí gbogbo ọmọ pín ogún bàbá wọn dọ́gba. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n ó ti fọ́ ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà sí wẹ́wẹ́, nítorí ẹni tó bá fẹ́ dúró lórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ rí owó san fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, Bàbá bi mí pé báwo la ṣe ń ṣe é nílé wa. Mo sọ fún un pé ilẹ̀ ẹbí ni, kì í ṣe ti ẹnì kan, pé olórí ẹbí kàn ń ṣọ́ ọ ni, pé ìpín àwọn tó ti lọ àti àwọn tí a kò tíì bí wà níbẹ̀. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní kí n tún un sọ kí ìyàwó òun gbọ́.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù Kejìlá 1970, òfin tuntun kan jáde ní ilẹ̀ Faransé tó gba ẹbí láàyè láti kó ilẹ̀ oko wọn sínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìpín nínú ẹgbẹ́ náà, kí ilẹ̀ má sì pín. Bàbá kú ní 1972. Àbíkẹ́yìn tó wà ní Paris ì bá gba owó tirẹ̀, ó ní gbèsè ilé lọ́rùn. Kò gbà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ síwèé, àkọ́bí ń dá oko náà, ó sì ń san owó ilẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ìyá ló kọ ìwé sí mi ní Àjàṣẹ́, níbi tí mo ti padà sí, láti sọ fún mi.

Bàbá tèmi kú ní 1979. Ọmọ mọ́kànlá ni wá. A ṣe ìpàdé méjì, ohùn lọ sókè nínú èkejì, a sì pín oko ọ̀pẹ náà sí ojú mọ́kànlá. Láàárín ọdún mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ ti tà. Èmi tí mo jẹ́ agbẹjọ́rò, èmi tí mo jókòó ní tábìlì Faransé tí mo ń kọ́ wọn ní àṣà wa, mo fọwọ́ sí i, mo sì gba owó tèmi. Ilé ló wà níbẹ̀ báyìí, n kò lè júwe ibi tí igi tí adẹ́mu ń gùn wà mọ́.

Ní 2014, mo padà sí Saint-Émilion. Ọmọ-ọmọ Bàbá, obìnrin kan tó kàwé nípa ọtí ní Bordeaux, ló ń ṣe olórí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, ó gbé ìgò 1964 kan bọ̀, ó ní bàbá òun ti kọ “Akẹ́kọ̀ọ́” sí i lára tipẹ́. Ó ṣí i jẹ́jẹ́, ó tan àbẹ́là sẹ́yìn ìgò bó ṣe ń dà á, bí Bàbá ṣe ń ṣe gan-an. Ọtí náà kò dúdú mọ́, etí rẹ̀ ti pọ́n bí osùn. Òórùn rẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ti ewé tábà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Agbára tó ń fa ẹnu bí obì ti rọ̀, kò sì kan. Àádọ́ta ọdún. Mo mu ún pẹ̀lú omijé. Lẹ́yìn náà a jáde lọ wo àwọn igi 1957. Wọ́n ti lọ́ bí apá àgbàlagbà, èso wọn kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń so.

Ìdí tí ìgò òfìfo fi wà lórí pẹpẹ mi nìyẹn. Nígbà tí mo dé láti ìrìn àjò yẹn, mo ra ilẹ̀ kékeré kan lọ́nà Sákétẹ́, mo gbin ọgọ́ta ọ̀pẹ sí i. Àwọn kan ti ń so. Ìwé ilẹ̀ náà wà nínú àpótí mi, orúkọ ẹ̀yin ọmọ mi márààrún ló wà lórí rẹ̀ pọ̀, n kò kọ ìpín ẹnì kankan lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá kú, ẹ má pín in.